Ìwà bàbá mi ti yí padà lẹ́nu àìsàn Parkinson: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú ẹ̀ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkọ́bí Obìnrin:

Ẹ kú ìtọ́jú o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aláìsàn Parkinson nílé. Ọdún kẹfà rèé tí dókítà ti sọ fún wa pé òun ló ń ṣe bàbá mi. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ti mọ́ wa lára. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ náà ti mọ́ wa lára. Ohun tí kò mọ́ mi lára, tó ń gba oorun lójú mi, ni ìwà tí wọ́n ń hù láti bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.

Bàbá mi kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé wọn. Ọwọ́ wọn le mọ́ owó débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ka ṣéńjì kí wọ́n tó fi sápò. Lóru ọjọ́ kan mo jí lọ mu omi, mo bá wọn lórí àga nínú òkùnkùn, iná fóònù ń tàn sí wọn lójú, àtàǹpàkò wọn tó ń gbọ̀n ń tẹ fóònù náà láìsinmi. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn. Mo fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, wọ́n ní, "Ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀." Agogo mẹ́ta òru ti lù. Nígbà tá a yẹ àkáǹtì wọn wò, ó ju ìdajì owó ìtọ́jú wọn lọ tó ti bá tẹ́tẹ́ lọ.

Wọ́n tún ń fẹ̀sùn kan ìyá mi pé ọkùnrin kan ń gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn wọlé wá bá wọn. Ìyá mi ti lé lẹ́ni 70 ọdún. Wọn kì í fèsì, wọ́n á kàn lọ dúró nídìí omi, wọ́n á máa fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Bàbá tún máa ń rí ọmọdé méjì lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n á ní ká gbé ìjókòó fún wọn. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn ò ní sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ojú wọn á le koko bí ojú ẹni tá a ṣẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ní bàbá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, pé ìwà tó ti wà nínú wọn látijọ́ ló wá jáde. Ó ti ní òun ò ní wá sílé mọ́. Ìyá mi ní ká má sọ fún dókítà, ojú ń tì wọ́n. Èmi ni mo wà láàárín. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Aya Tó Dúró Tì Í:

Àkọ́bí, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí n tó sọ ohunkóhun, ìbéèrè kan ni mo ní: oògùn wo ni bàbá ń lò, ìgbà wo ni wọ́n sì fi kún un kẹ́yìn? Ẹ ka orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ fún wa.

Ìdí tí mo fi béèrè rèé. Pramipexole ni ọkọ mi ń lò. Bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n fi kún un ló bẹ̀rẹ̀ sí í ra irinṣẹ́. Ó tú aago ara ògiri, ó tú rédíò, ó tú fáànù. Á to àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké inú wọn sórí tábìlì, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, á gbá wọn jọ, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. Kò ní jẹun, kò ní dìde lọ tọ̀. Bí mo bá ní kó wá sùn, á kanra mọ́ mi. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ìgbà tí mo wá jàjà sọ ọ́ fún dókítà, ó ní, "Ìyá, kí ló dé tẹ́ ẹ pẹ́ tó báyìí kẹ́ ẹ tó sọ fún mi?" Ó ní irú rẹ̀ kún ọwọ́ àwọn.

Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n jẹ́ ẹbí kan náà: pramipexole, ropinirole, àti rotigotine tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara. Wọ́n máa ń ṣe bíi dopamine, èròjà inú ọpọlọ tó ń dín kù nínú àìsàn yìí. Wọ́n ń tú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ wọn kì í dúró síbi ìrìn nìkan, wọ́n máa ń dé ibi tí ìfẹ́ ọkàn àti adùn ti ń wá. Lára ẹlòmíràn, tẹ́tẹ́ ló máa ń jáde. Lára ẹlòmíràn, ọjà rírà, àjẹjù, tàbí kó máa wá ìbálòpọ̀ tọ̀sán tòru. Ìwádìí ńlá kan jáde ní 2010, àwọn aláìsàn tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 3,000. Nínú 100 àwọn tó ń lo ẹbí oògùn yìí, bíi 17 ló ní ọ̀kan nínú àwọn ìwà yẹn. Nínú 100 àwọn tí kò lò ó, bíi 7 ni. Ẹ ka ìyẹn sétí àbúrò yín.

Kẹ́ ẹ sì bá mi bẹ ìyá. Dókítà ò lè rí tẹ́tẹ́ lójú ẹni tó jókòó síwájú òun fún ìṣẹ́jú 15. Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, ńṣe ló máa kọ oògùn náà padà fún yín.

Nọ́ọ̀sì Àṣálẹ́:

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì tọ́jú ìyá tó bí ìyá mi nínú àìsàn yìí títí wọ́n fi lọ.

Ẹ má fọwọ́ ara yín dá oògùn kankan dúró o! Mo fi ṣíwájú torí mo mọ̀ pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ka ohun tí Aya kọ, ọwọ́ á máa yún yín láti gbé oògùn náà jù sígbó. Bí wọ́n bá já ẹbí oògùn yẹn gbà lọ́wọ́ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ìbẹ̀rù, òógùn, ara ríro àti ìbànújẹ́ tó wúwo lè bò ó mọ́lẹ̀. Ti levodopa, oògùn tó ń di dopamine nínú ọpọlọ, tún le jù bẹ́ẹ̀: bó bá dúró lójijì, ara lè gan, kí ara sì gbóná janjan, ó sì lè gbẹ̀mí èèyàn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, dókítà ló sì ń là á sílẹ̀.

Nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí, ẹ má dì wọ́n sẹ́rù kan. Tẹ́tẹ́, ẹ wo oògùn lákọ̀ọ́kọ́. Ojú tó le koko, iṣan ojú ni, kì í ṣe ìbínú. Ìdákẹ́jẹ́, ó lè jẹ́ pé nǹkan ò wù wọ́n ṣe mọ́, ó sì lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí tó ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ̀sùn àti àwọn ọmọdé, oògùn lè fà á, àìsàn náà fúnra rẹ̀ lè fà á bó bá ti ń tàn kálẹ̀ nínú ọpọlọ, nǹkan mìíràn tó ṣeé tètè wò sì lè fà á. Bó bá ṣe pé láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta ni iyè wọn dàrú tàbí tí ìran náà pọ̀ sí i, ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò. Àrùn ọ̀nà ìtọ̀ lè má mú ibà wá lára àgbàlagbà, kó jẹ́ pé orí ló máa dàrú. Àìmu omi tó, ìgbẹ́ tó há síni nínú, oògùn oorun tuntun, gbogbo wọn ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Benzhexol tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn fún ọwọ́ gbígbọ̀n lè da iyè àgbàlagbà rú. Amantadine, oògùn Parkinson mìíràn, náà lè mú kéèyàn máa rí ohun tí kò sí.

Bẹ́ ẹ bá gbé bàbá lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ wọ́n, ẹ kọ èyí sínú ìwé kẹ́ ẹ fi lé wọn lọ́wọ́: kí wọ́n má fún wọn ní haloperidol láti fi pẹ̀tù sí wọn nínú, kí wọ́n má sì fún wọn ní metoclopramide nítorí èébì. Méjèèjì ló ń dínà mọ́ dopamine, ara bàbá lè wá le bí igi. Bí ìran bá di ohun tó nílò oògùn, quetiapine tàbí clozapine ni wọ́n sábà máa ń lò, ti clozapine sì ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè nínú. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí pimavanserin fún un ní 2016.

Kò yà mí lẹ́nu pé àbúrò yín rò pé bàbá mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn náà rò fún ìgbà pípẹ́ pé àìsàn yìí kì í kan ọkàn àti ìwà. Nígbà tí James Parkinson, dókítà kan ní London, kọ̀wé nípa àìsàn yìí ní 1817, èèyàn mẹ́fà ló ṣàpèjúwe, ojú pópó ló ti rí àwọn kan nínú wọn. Ó rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ó rí ẹ̀yìn tó tẹ̀, ó rí ìrìn tó ń di eré mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé làákàyè wọn pé. Kò bá wọn gbé. Ẹni tó bá wọn gbélé ló mọ̀. Dopamine tó ń tán nínú ọpọlọ yẹn kì í ṣe ti ọwọ́ nìkan. Òun náà ló ń mú kí nǹkan wù wá ṣe, òun ló sì wà nídìí bá a ṣe ń mọ̀ pé nǹkan ti tó.

Ara Ń Gbọ̀n:

Ọmọ mi, èmi fúnra mi ni àìsàn yìí ń ṣe, ọdún kẹsàn-án rèé. Mò ń sọ ọ́ lẹ́nu ni, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí n gbẹnu bàbá rẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ojú mi kì í gbọ́ tèmi mọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi obìnrin gbé ọmọ tuntun rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, inú mi dùn débi pé ọ̀fun mi fún. Ó wojú mi, ó sì rọra gba ọmọ náà padà, ó ní, "Bàbá, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?" Ayọ̀ ló kún inú mi, ojú ni kò gbé e jáde. Ohùn mi náà ti wálẹ̀. Létí tèmi, mò ń pariwo. Létí yín, mò ń kùn. Nítorí náà, ẹ má ka ojú wa, ẹ bi wá. Bẹ́ ẹ bá sì bi wá, ẹ dúró. Ìdáhùn ń bọ̀ lọ́nà, kì í tètè dé ni. Bẹ́ ẹ bá ju ìbéèrè kejì lù mí kí n tó dáhùn ti àkọ́kọ́, méjèèjì á sọ nù mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Mo ti mọ ìbànújẹ́ rí, ìyẹn máa ń dunni. Èyí kì í dunni. Ńṣe ló dà bíi pé ẹni tó máa ń jíni láàárọ̀ kò wá mọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n wẹ̀, mo fẹ́ wẹ̀, ara ò kàn ní gbéra. Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni pé ìyàwó mi kì í bi mí mọ́ pé, "Kí lẹ fẹ́ ṣe lónìí?" Ìbéèrè yẹn tóbi jù fún mi. Ńṣe ló máa na ọwọ́, á ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó síta," màá sì dìde.

Nǹkan mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Bí oògùn bá ti ń tán lára mi, ìbẹ̀rù máa ń dé kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àyà mi á máa já. Ohun tí kò tó nǹkan á bí mi nínú. Tí mo bá wá lo oògùn, tó sì wọ̀ mí lára tán, ìbẹ̀rù náà á lọ bíi pé kò wá rí. Ìyàwó mi ló kíyè sí i pé agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé wa, agogo mẹ́rin ààbọ̀ sì ni oògùn mi. A sọ fún dókítà, ó sún àwọn àkókò oògùn mọ́ ara wọn, ìjà yẹn sì lọ. Kí ẹ wo aago bí bàbá bá ti ń gbaná jẹ.

Ti tẹ́tẹ́ yẹn, ó ṣe èmi náà. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé ní gbogbo ìgbà tí mò ń ta á ni mo mọ̀ pé kò dáa, mímọ̀ yẹn ò sì lè dá mi dúró. Nígbà tí wọ́n dín oògùn náà kù, ó dà bíi pé ẹnì kan gbẹ́sẹ̀ kúrò lọ́rùn mi. Ẹ má fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ti ń tì wọ́n kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Ọkọ Rẹ̀ Ni Mí:

Bàbá Ara Ń Gbọ̀n, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka tiyín sí ìyàwó mi létí, ó di ọwọ́ mi mú.

Òun máa ń rí ajá funfun kan lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Níbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni mo máa ń bá a jiyàn. Lóru ọjọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Wò ó, ajá ọ̀hún dà?" Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wò mí, ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe nítorí ajá. Ó rí i pé mi ò gba òun gbọ́ mọ́ ni. Látìgbà yẹn, bó bá ní ajá wà níbẹ̀, màá ní, "Èmi ò rí i, àmọ́ mo gbà pé ìwọ ń rí i. Ṣé ó ń dẹ́rù bà ọ́?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń ní rárá, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, màá tan iná, màá mú un lọ sí yàrá mìíràn. A kó àwọn aṣọ tó so rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kúrò, a fi gílóòbù tó mọ́lẹ̀ dáadáa sí ọ̀nà yàrá, a sì ní kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Ìran náà dín kù gan-an lẹ́yìn ìyẹn, a ò tiẹ̀ fi oògùn kan kún un.

Ẹ̀sùn àgbèrè le ju ajá lọ, torí ọkàn ẹni ló ń gún. Ó fi kan èmi náà. Mo búra, mo bínú, mo pe àwọn ọmọ wá jẹ́rìí. Gbogbo rẹ̀ já sí asán, àlàyé ò lè wọ ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn jókòó sí. Ìgbà tó yá, mo fi ẹ̀sùn náà sílẹ̀, ìbẹ̀rù tó wà nídìí rẹ̀ ni mò ń dá lóhùn: "Èmi rèé. Mi ò lọ síbì kankan." Màá sì rọra yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn. Ó máa ń gbà á lọ́jọ́ kan, kì í gbà á lọ́jọ́ mìíràn.

Àmọ́ o, bí bàbá bá ń lérí, tàbí wọ́n mú ohun tó lè ṣeni léṣe dání, kí ìyá má dúró ṣàlàyé. Kí wọ́n jáde kúrò ní yàrá, kí wọ́n pe èèyàn, kí dókítà sì gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bó bá wá jẹ́ pé ojú oorun ni wọ́n ti ń jà, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ ìyàwó mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ló ti ń kan mí lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú àlá. Nígbà tá a bá ń lálàá, ó yẹ kí iṣan ara wa dákẹ́, ti àwọn aláìsàn kan kì í dákẹ́, ohun tí wọ́n ń lá náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì wálẹ̀, ẹ gbé tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, bó bá sì gbà bẹ́ẹ̀, kí ìyá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mìíràn. Kì í ṣe ìyapa.

Àkọ́bí Obìnrin:

Mo ti ka páálí náà. Ropinirole ni, pẹ̀lú levodopa àti carbidopa tó ń ràn án lọ́wọ́. Oṣù kẹwàá rèé tí wọ́n ti fi kún ropinirole. Mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi, mo ka oṣù lórí ìka, mo sì sunkún. Oṣù méjì péré ló wà láàárín kíkún náà àti tẹ́tẹ́.

A ti pe dókítà, wọ́n ní ká wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí la máa ṣe sí owó kó tó dìgbà yẹn? Mi ò fẹ́ já fóònù gbà lọ́wọ́ bàbá mi bí ìgbà tí wọ́n ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọmọdé.

Aya Tó Dúró Tì Í:

Ẹ má já a gbà. Ẹ dúró de ìgbà tí oògùn bá wà lára wọn, tí ara wọn balẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ kà nípa oògùn náà fún wọn. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi báyìí pé: "Oògùn yìí ló ń tì yín. Ẹ jẹ́ ká jọ dènà rẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n lọ bá báǹkì. A fi òdiwọ̀n sí iye tó lè jáde lójúmọ́, a ní kí wọ́n máa fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sórí fóònù èmi náà bí owó bá jáde, a kó owó ńlá lọ sí àkáǹtì tó ń gba ìfọwọ́sí èèyàn méjì. Ọmọ wa sì dí àwọn ìkànnì tẹ́tẹ́ lórí fóònù. A fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún un lápò. Ọkùnrin tí kò ní ohunkóhun lápò, ara rẹ̀ kì í gbà á.

Ẹ lọ bá lọ́yà nígbà tí iyè bàbá ṣì já gaara, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn yan ẹni tó máa bójú tó owó bó bá dọjọ́ kan. A fi tiwa falẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Ẹ sì máa ka hóró levodopa. Àwọn kan máa ń fi pamọ́, wọ́n á máa lò ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ.

Àbíkẹ́yìn Ilé:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láìsọ nǹkan, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ tèmi nítorí ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ. Bàbá mi ń rí àwọn èèyàn lára ògiri, wọn kì í jẹ́ ká sùn. Mo kà níbì kan pé oògùn ló ń fà á. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ levodopa ọ̀sán, mo sì tún yọ ti alẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, itọ́ ò lọ lọ́fun wọn mọ́. Ara wọn gbóná, ó sì le débi pé nígbà tí mo fẹ́ gbé wọn, wọ́n dìde bíi pákó kan. Ọ̀sẹ̀ méjì la lò nílé ìwòsàn.

Dókítà kò bú mi. Ó jókòó tì mí, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ dín oògùn kù nítorí ìran, oògùn bíi benzhexol ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mú kúrò, lẹ́yìn náà amantadine àti ẹbí ropinirole, levodopa ló máa ń kẹ́yìn. Èyí tó yẹ kó ṣẹ́kù ni mo lọ yọ. Bàbá mi ṣì wà láàyè, ẹ bá mi dúpẹ́.

Nọ́ọ̀sì Àṣálẹ́:

Àbíkẹ́yìn, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Kò rọrùn láti sọ.

Àkọ́bí, kẹ́ ẹ tó lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́ méje, ẹ kọ aago tí wọ́n lo oògùn, aago tí ìwà yí, ohun tí wọ́n ṣe gan-an, oorun wọn, àti ọjọ́ tí wọ́n yàgbẹ́. Ẹ má kọ pé "bàbá ṣe wèrè". Ẹ kọ pé "agogo mẹ́ta òru, tẹ́tẹ́ fún wákàtí méjì". Bí kò bá wù yín láti sọ ọ́ lójú bàbá, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí dókítà ṣáájú.

Ìyá yín ńkọ́? Ta ló ń sùn tì wọ́n? Ìgbà wo ni wọ́n jáde nílé kẹ́yìn láìjẹ́ pé ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ? Mo ti rí àwọn ìyàwó tó ṣubú kí aláìsàn tó ṣubú. Ẹ pe àbúrò yín. Ẹ má bá a ṣàríyànjiyàn mọ́, ẹ kàn ní kó wá sùn ní alẹ́ kan ṣoṣo kí ìyá lè sinmi.

Àkọ́bí Obìnrin:

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé, mo ní kí n wá jábọ̀ fún yín.

Wọ́n bá àrùn nínú ìtọ̀ bàbá. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, àwọn ọmọdé ẹnu ọ̀nà sì dẹ́kun wíwá lójoojúmọ́. Wọ́n ṣì máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá á ní, "Wọ́n tún ti dé o," bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. Wọ́n ti ń dín ropinirole kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì tún levodopa tò. Tẹ́tẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀sùn ìyá mi kò tíì lọ tán, àmọ́ ìyá mi ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n ní, "Èmi rèé, mi ò lọ síbì kankan," wọ́n á sì jókòó.

Àbúrò mi wá sùn. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ara Ń Gbọ̀n sí i létí lórí fóònù kó tó wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bi bàbá bóyá kí òun ṣí fèrèsé. Wọn ò dáhùn. Mo rí i tó fẹ́ dìde, tó sì tún jókòó. Ó dúró, ó dúró. Ó pẹ́ débi pé mo ti gbàgbé ìbéèrè náà. Bàbá ní, "Ṣí ti apá ọ̀tún. Ti apá òsì há." Òótọ́ ni, ó há. Àbúrò mi ti wá sùn lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun tuntun kan dé tó ń já mi láyà. Láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn tí wọ́n ti tún dín ropinirole kù, bàbá ń sunkún, òógùn ń bò wọ́n, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n fún àwọn ní hóró kan péré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i la tó padà sọ́dọ̀ dókítà. Ṣé kí n mú un mọ́ra ni?

Nọ́ọ̀sì Àṣálẹ́:

Rárá o, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó jọ pé bí oògùn náà ṣe ń kúrò lára wọn ni, ó sì lè wúwo gan-an fún wọn. Ẹ má fún wọn ní hóró kankan lábẹ́lẹ̀, ẹ sì má sọ pé wọ́n kàn ń ṣe àṣejù ni. Ẹ pe dókítà ní báyìí tẹ́ ẹ bá ka èyí. Ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n dín in kù àti ọjọ́ tí ẹkún bẹ̀rẹ̀. Bí bàbá bá sọ̀rọ̀ ikú, ẹ gbé wọn lọ lálẹ́ yìí.

Àkọ́bí Obìnrin:

Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní ká padà sí iye tó kẹ́yìn, ká dúró lórí rẹ̀ fún oṣù kan, lẹ́yìn náà wọ́n á máa dín in kù ní ìwọ̀n tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Bàbá ò sọ̀rọ̀ ikú. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Àbúrò mi ló wà lọ́dọ̀ wọn lálẹ́ yìí, ìyá mi ti sùn.